Ọfà mi ń jùdí lójú afẹ́fẹ́: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọrun compound, ẹ gbà mí o

Lánre_Houston
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ wàyí. Mo ra ọrun compound (ọrun òde òní tó ní kẹ̀kẹ́ kékeré, cam, lókè àti nísàlẹ̀) àlòkù kan lọ́wọ́ ẹnì kan ládùúgbò wa, páùn 60 ni wọ́n sẹ́tì agbára fífà ẹ̀ sí, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni mí, release (ohun tó ń di okùn ọrun mú tó sì ń tú u sílẹ̀) tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ ni mo fi ń ta á. Tí mo bá fi field point (ẹnu ọfà ṣóńṣó tí wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò) ta á ní yáàdì 20, gbogbo ẹ̀ á kó jọ sójú kan, inú mi á dùn. Kí n kàn wá yọ field point kí n fi broadhead (ẹnu ọfà alábẹ tí wọ́n fi ń pa ẹran) sí ọfà yẹn kan náà báyìí, á bọ́ sísàlẹ̀, á tún yà sọ́tùn-ún, ó tó ínṣì 5 sí ibi tí mo fojú sùn. Ọmọ mi bá mi fi fóònù ya á láti ẹ̀yìn, fídíò tó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, háà, ọfà ń jùdí bí oníbàtá, ìdí ẹ̀ wà lókè, ó tún wà lósì.
Àgbọ̀nrín ni mo fẹ́ fi pa o, àsìkò ọlọ́fà ní Texas níbí sì máa tó ṣí ní ìparí September sí ìbẹ̀rẹ̀ October, mi ò fẹ́ ṣe ẹran léṣe kó sá lọ kú síbi tí mi ò ti ní rí i. Kí ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn? Torí síkúrúù tó wà lára nǹkan yìí pọ̀ jù fún mi.

Akin_Dallas
Èyí ò le rárá jàre. Tẹ̀lé ìdí ọfà, òfin ẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ìdí bá ń sá lọ ni kó o gbé rest (ibi tí ọfà ń sinmi lé lára ọrun) tẹ̀ lé e. Ìdí ń lọ sókè, gbé rest sókè, tàbí kó o fa D-loop (okùn kékeré tí release ń gbá mú) wálẹ̀, ibì kan náà ni méjèèjì ń lọ. Ìdí ń lọ sósì, ti rest sósì. Díẹ̀díẹ̀ ṣá o, 1/32 ínṣì ti tó lẹ́ẹ̀kan, kó o sì fi bírò fàlà síbi tó wà kó o tó tú u kí o lè dá a padà. Sight, ohun tó o fi ń fojú sùn, ńkọ́? Fi sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá ń fi sight lé ọfà tí ò lọ tààrà, kò ní sinmi títí ọdún á fi parí.

Sísí_Ọlọ́fà
Akin, o ti ń kánjú jù. Fídíò fóònù ń tan èèyàn jẹ, kọ́kọ́ jẹ́ kó ta pépà ká lè mọ ohun tí a ń bá jà.
Lánre, wá pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bébà ìwé ìròyìn náà dáa, kì í ṣe páálí o. Nà án mọ́ férémù kó le dan-in dan-in, gbé e kọ́ ní déédéé èjìká ẹ kí ọfà lè máa lọ gbọọrọ, má ta á láti òkè tàbí láti ìsàlẹ̀. Gbé àmì tó máa gba ọfà sẹ́yìn ẹ̀, kí àyè wà láàárín wọn tó pé gbogbo ọfà á ti la pépà kọjá kí ẹnu ẹ̀ tó kan àmì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àmì ló máa yí ọfà, wàá sì máa bá ọrun jà lásán. Dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 sí pépà. Field point ni kó o lò, má fi broadhead ta pépà.
Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyí: ẹnu ọfà á lu ihò róbótó, ìyẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì gé ilà mẹ́ta. Tí ilà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jáde látinú ihò yẹn gan-an, ọfà ẹ ń lọ tààrà. Tí ihò bá wà nísàlẹ̀, tí ilà wá wà lókè ẹ̀, ìdí ń gòkè nìyẹn. Tí ilà bá wà lósì ihò, ìdí ń lọ sósì. Má fi ọfà kan ṣoṣo ṣèdájọ́ o. Ta bíi mẹ́ta mẹ́rin, torí tó bá jẹ́ pé ọ̀kan ló ń ya pépà yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ọ̀kan yẹn ló lárùn, ọrun kọ́. Kó o tó ta wọn pàápàá, mú ọfà kọ̀ọ̀kan, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sókè sódò kó o tẹ́tí sí i. Èyí tó bá dún ka-ka tàbí tó ní sísán lára, ṣẹ́ ẹ dànù lójú ẹsẹ̀. Ọfà carbon tó bá fọ́ nígbà tí wọ́n ń ta á, inú ọwọ́ òsì ẹni tó ń ta á ló ń wọ̀.

Túnjí_ATL
Gbogbo yín ló ti débi síkúrúù, ẹnikẹ́ni ò béèrè ọwọ́ ẹ̀. Lánre, báwo lo ṣe ń di ọrun mú?
Na ọwọ́ òsì ẹ síwájú bí ìgbà tó o fẹ́ dá ẹnì kan dúró. Ẹran tó ki nísàlẹ̀ àtàǹpàkò yẹn, ibẹ̀ nìkan ló yẹ kí ọrun fara tì. Kókó àwọn ìka yòókù á dagun díẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ dúró ní òró, wọn ò sì gbọdọ̀ gbá nǹkan kan mú, kí wọ́n kàn rọ̀ síbẹ̀. Bí àtẹ́lẹwọ́ ẹ bá ti wọnú grip (ibi tí wọ́n ti ń di ọrun mú) pátá, ìgbà tó o bá fa á tán, wàá máa lọ́ ọrun láìmọ̀, tó o bá ti tú release báyìí ọrun á yí padà, ìdí ọfà á gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ọrun á já bọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Ra sling, okùn tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, kò wọ́n.
Wo ojú ẹ náà. Kí ọsán, okùn ọrun, kàn fọwọ́ tọ́ imú ẹ ni. Tó bá ti tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ wọlé, o ti tì í kúrò lọ́nà kí ọfà tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ìyẹn jẹ́ pé draw length (bí ọrun ṣe ń fà sẹ́yìn jìnnà tó) gùn ju apá ẹni tó ń fà á lọ. Ọrun àlòkù tó o rà yẹn, apá ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí.

Lánre_Houston
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ta pépà nínú gáréèjì. Ìdí wà lókè tó ínṣì kan, ó sì wà lósì tó ínṣì kan àbọ̀, gbogbo ọfà ló sì jọra. Bọ̀ọ̀dá Túnjí, ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ṣiṣẹ́ o, bí mo ṣe tú ìka sílẹ̀ báyìí, tòsì dín kù sí bí ínṣì kan, kò sì lọ mọ́. Mo ṣe ti Akin náà, mo gbé rest sókè ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé, tòkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.
Àmọ́ tòsì yìí! Mo ti ti rest sósì, sósì, sósì, dé ibi pé tí mo bá dúró sẹ́yìn ọrun kí n wò ó, ọfà àti ọsán ò bára wọn dọ́gba mọ́, ọfà ń kọjú sí ilé aládùúgbò. Pépà ṣì ń ya lósì.

BàbáỌdẹ_Arlington
Lánre ọmọ mi, dáwọ́ dúró. Dá rest yẹn padà. Ọ̀pọ̀ ọrun òde òní, 13/16 ínṣì láti ara riser (ara àárín ọrun tí wọ́n ń di mú) sí àárín ọfà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, tó o bá ti rìn jìnnà sí i, nǹkan mìíràn ló ń pè ọ́.
Kí ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọfà? Báwo ló ṣe gùn tó? Grain (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọfà) mélòó ló wà lẹ́nu ẹ̀?

Lánre_Houston
Ẹ kú iṣẹ́ sà. 500 ni wọ́n kọ sí i. Ínṣì 30 ni, bí mo ṣe rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ṣe ń lò ó, mi ò gé e. Grain 125 ni field point, broadhead náà 125.

BàbáỌdẹ_Arlington
Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ọfà ẹ ló rọ̀ jù.
Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń pè ní spine. Wọ́n á gbé ọfà lé orí nǹkan méjì tó fi ínṣì 28 jìnnà síra, wọ́n á wá fi ìwọ̀n páùn 1.94 kọ́ àárín ẹ̀. Bó bá ṣe tẹ̀ wálẹ̀ tó ni nọ́ńbà ẹ̀. 500 tẹ̀ ní ìdajì ínṣì, 400 ò tẹ̀ tó o, 340 tún kéré sí ìyẹn. Torí náà nọ́ńbà tó bá kéré ló le jù, ibẹ̀ ló ti ń dà rú mọ́ àwọn èèyàn lójú, wọ́n á rò pé 500 ló lágbára jù.
Wàyí o, nígbà tó o bá tú release, ọsán ń ti ìdí ọfà nígbà tí ẹnu ẹ̀ ò tíì fẹ́ gbéra, ọfà á tẹ̀. Bó bá ṣe gùn sí i, á tẹ̀ sí i. Bí ẹnu ẹ̀ bá ṣe wúwo sí i, á tẹ̀ sí i. Bí páùn ọrun bá ṣe ga sí i, á tẹ̀ sí i. Ìwọ wá mú ọfà tó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀, o fi sílẹ̀ ní ínṣì 30, o gbé grain 125 lé e lẹ́nu, o wá fi páùn 60 ta á. Fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún bíi tìẹ, ọfà tó rọ̀ jù, òsì ni ìdí ẹ̀ ń gbà. Kò sí rest tó lè tún ìyẹn ṣe.
Àmọ́ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, má sì ra nǹkan kan ná, dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́. Bolt ńlá tó di limb (apá ọrun tó ń tẹ̀) òkè mú, yí i kan lọ sí apá ìtúsílẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ náà, iye kan náà. Má jẹ́ kí ọ̀kan ju èkejì lọ. Yíyí kan á bọ́ bíi páùn 2 sí 4 kúrò. Ìwé tí àwọn tó ṣe ọrun kọ máa sọ iye ìgbà tó o lè yí i dé, má kọjá ibẹ̀, torí limb tó bá yọ lára riser lójú fífà, ilé ìwòsàn ni. Lẹ́yìn náà ta pépà. Bí tòsì bá kéré sí i, ọfà ló jẹ̀bi. Bí kò bá yí padà, ká wá ibòmíràn wò.

Kẹ́mi_ChiTown
Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo fẹ́ béèrè. Tó bá jẹ́ pé ọfà ẹ̀ burú tó báyìí, kí ló dé tí field point ń kó jọ sójú kan ní yáàdì 20? Èmi náà ti ń rò pé tèmi dáa torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe o.

Sísí_Ọlọ́fà
Kẹ́mi, ìyẹ́ ló ń bo àṣírí. Ìyẹ́ tó wà nídìí ń fa ìdí padà sójú ọ̀nà, kí ó tó dé yáàdì 20 ó ti tún un ṣe tán, ọfà á balẹ̀ jẹ́jẹ́, ìwọ á rò pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Broadhead ní abẹ níwájú, abẹ yẹn náà ń gbá afẹ́fẹ́ mú bí ìyẹ́. Tí ọfà bá gbéra ní dídagun, ti iwájú ń wa ọkọ̀ lọ síbì kan, ti ẹ̀yìn ń fà á padà, ti iwájú ló sì ń borí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí Lánre wà lókè lósì, àbí? Ẹnu ń wo ìsàlẹ̀ ọ̀tún nìyẹn. Ibẹ̀ náà ni broadhead ẹ̀ ń lọ, kò ṣe nǹkan àràmàǹdà kankan.
Tó o bá fẹ́ mọ òótọ́ nípa tìẹ, bọ́ ìyẹ́ kúrò lára ọfà kan, ta á pẹ̀lú àwọn oníyẹ̀ẹ́. Ihòòhò yẹn ò ní ẹni tó máa bo àṣírí ẹ̀. Yáàdì 10 ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ ṣá, kó má lọ fò gba orí fẹ́ǹsì.

Wálé_Brooklyn
Mo kàn ń kọjá lọ ni o 😂 Àwọn bàbá wa nílé ń fi ọrun onígi pa ẹtu pa ìgalà, ta ló bá wọn ta pépà? Òyìnbó ti sọ ọdẹ di ẹ̀kọ́ yunifásítì.

BàbáỌdẹ_Arlington
Wálé, ṣé o rò pé wọn kì í ṣa ọfà ni? Ọrun onígi, ọfà ò lè gba inú igi kọjá, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló ń gbà, ó ní láti tẹ̀ yí igi ká kó tó tọ́ padà. Tó bá le jù, á gbá igi. Tó bá rọ̀ jù, á tẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ spine tí mò ń sọ látẹ̀ẹ̀kan náà nìyẹn, kí wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Ọrun oní-cam tí à ń lò yìí ò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ará Missouri kan, Holless Wilbur Allen, ló gba páténtì ẹ̀ ní 1969. Òde òní wọ́n gé ikùn riser wọlé kí ọfà lè gba àárín, ìyẹn dín wàhálà kù, kò pa á rẹ́. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni wọ́n ní ọfà kan ṣoṣo tó fún, àwa yòókù á ra dọ́sìnì.

Lékan_SanAntonio
Mo rí ọkùnrin kan nínú fídíò tó fẹsẹ̀ tẹ ọrun ẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sì yọ okùn ẹ̀ láti fi tún cam ṣe. Ṣé ẹ lè ṣe irú ẹ̀ nílé? Torí ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí mi, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ èèyàn fún ọ̀sẹ̀ gbáko.

Túnjí_ATL
Lékan, jọ̀wọ́, má dán an wò. Ọrun compound ò sinmi rí, bó ṣe kọ́ sára ògiri yẹn, limb ẹ̀ ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, okùn ló dá a dúró. Ọsán já, ọrun dọ̀pá ni wọ́n ń wí nílé, ti èyí, ọsán já, ọrun fọ́ ni, ó sì lè mú ojú èèyàn lọ. Bow press, ẹ̀rọ tó ń tẹ limb kí okùn lè rọ̀, ni wọ́n fi ń ṣe é. Bákan náà, má fa á kó o tú u láìsí ọfà lórí ẹ̀ láé, má sì jẹ́ kí àlejò tó wá kí ẹ fa á ṣeré. Agbára tó yẹ kí ọfà gbé lọ, inú limb àti cam ló máa padà sí.
Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ cam tó o mẹ́nu bà ṣe pàtàkì. Tí cam méjì bá wà, méjèèjì gbọ́dọ̀ kan ibi ìdúró lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ọ̀kan bá ṣáájú, nock (ìdí ọfà tó ń há mọ́ ọsán) á máa gun òkè tàbí ìsàlẹ̀ bó ṣe ń lọ, ẹ ó máa gbé rest sókè sódò títí, ẹ ò ní ríbi dúró sí. Èyí tí ṣọ́ọ̀bù lè fi draw board (ohun tí wọ́n fi ń fa ọrun díẹ̀díẹ̀ láti wo cam) yẹ̀ wò fún ẹ lójú ẹ ni, tó bá sì jẹ́ okùn tuntun ni wọ́n fi sí i, ta á dáadáa kí o tó jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, torí okùn tuntun ń nà.

Akin_Dallas
Texas níbí, ẹ yọ ọrun yín kúrò nínú búùtù mọ́tò tó bá ti di ìgbà ooru. Ooru yẹn máa na okùn, peep (ihò kékeré inú okùn tí ẹ ń wò gbà) á yí kúrò lójú yín, ẹ ó wá máa bínú sí ọrun tí kò ṣẹ yín.

Lánre_Houston
Mo ti dé o. Bàbá, mo yí bolt méjèèjì bí ẹ ṣe wí, mo sì ta pépà, tòsì já sí bí ìdajì. Mo tún yí i díẹ̀, ó tún kéré sí i. Mo bá gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo chart (ìwé ìwọ̀n ọfà), ó gbé 400 fún mi, ó gé e sí ínṣì 28 àbọ̀, ó fi grain 100 sí i lẹ́nu. Mo dá bolt padà sí páùn 60, rest wà ní 13/16. Tòsì ti lọ! Ihò àti ilà mẹ́ta, ó mọ́ bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀.
Ohun tó kù ni pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí á tún fò sókè díẹ̀, bíi ìdá mẹ́rin ínṣì. Ìgbà mìíràn kò ní sí níbẹ̀ rárá. Mi ò sì yí nǹkan kan padà láàárín méjèèjì.
Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù tún ń sọ pé kí n ra ọfà tó fúyẹ́ ju èyí lọ kó lè máa sáré.

Sísí_Ọlọ́fà
Èyí tó ń wá tó ń lọ yẹn, ìyẹ́ ẹ ń fara gbá nǹkan ni. Ra páúdà ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fọ́n, fọ́n ọn sí ìdí ọfà, sí rest àti sí àwọn okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó funfun, kó o wá ta á. Lọ wo ibi tí wọ́n ti fa ilà sínú páúdà. Tó bá jẹ́ ìyẹ́ ló ń kan rest, di nock mú kó o yí i díẹ̀ kí ìyẹ́ lè gba ojú mìíràn kọjá. Tí rest ẹ bá jẹ́ èyí tó ń wó lulẹ̀ fúnra ẹ̀, wo okùn tó ń fà á, ó lè jẹ́ pé ó ń pẹ́ kó tó wó.

BàbáỌdẹ_Arlington
Lórí ọfà fífúyẹ́, má dá wọn lóhùn. Grain 5 fún páùn kan ni àwọn oníṣẹ́ ọrun kà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, páùn 60, ọfà ẹ pẹ̀lú ẹnu ẹ̀ ò gbọdọ̀ dín ní grain 300. Ẹran ni ò ń lọ pa, kì í ṣe ìdíje eré sísá, jẹ́ kó wúwo ju ìyẹn lọ dáadáa, ọrun ẹ á tún dákẹ́ sí i.

Lánre_Houston
Páúdà ti sọ ọ́. Ìyẹ́ kan ló ń fa rest lọ́wọ́ ọ̀tún, ilà tín-ín-rín kan wà nínú páúdà bí ẹni fi abẹ́rẹ́ fà á. Mo yí nock, ó ti lọ. Broadhead ti ń bá field point rìn ní yáàdì 20, ní 30 ó ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i.

Akin_Dallas
Ní báyìí, àkókò òfin mi ti tó 😄 Ti broadhead lọ bá field point, má ṣe ti field point. Broadhead wà nísàlẹ̀, gbé rest sókè, kó má ju irun orí lọ, kó o tún ta á. Kí o tó ṣe ìyẹn, gbé ọfà oní-broadhead kọ̀ọ̀kan dúró lórí ṣóńṣó ẹ̀ kó o fi ìka yí i bíi òkòtó, èyí tí ẹnu ẹ̀ bá ń gbọ̀n, kò wọlé dáadáa, tú u kó o tún un dì. Ìgbà tí méjèèjì bá ti wọ ojú kan ni kó o wá fọwọ́ kan sight. Ṣọ́ra nígbà tó o bá ń tú broadhead, ọwọ́ mi ti rí i.
Kó o sì wo ìwé àṣẹ ẹ. Tí wọ́n bá bí ẹ ní September 2, 1971 tàbí lẹ́yìn ẹ̀, òfin Texas ní kó o ṣe hunter education (ẹ̀kọ́ ọdẹ), archery endorsement (àṣẹ ọlọ́fà) sì gbọ́dọ̀ wà lórí license fún àsìkò ọlọ́fà.

Dúpẹ́_Ọlọ́wọ́Òsì
Ẹ̀yin àgbà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ọlọ́wọ́ ọ̀tún lẹ ń bá wí. Èmi ń kọ́, ọwọ́ òsì ni mo fi ń fà á. Ṣé kí n kàn yí gbogbo ẹ̀ padà ni?

BàbáỌdẹ_Arlington
Kì í ṣe gbogbo ẹ̀, Dúpẹ́. Títẹ̀lé ìdí pẹ̀lú rest, bó ṣe wà náà ni, ìdí lósì, rest lọ sósì, ọwọ́ yòówù kó o máa lò. Ọ̀rọ̀ spine nìkan ló ń yí: fún ọlọ́wọ́ òsì, ọfà tó rọ̀ jù, ọ̀tún ni ìdí ẹ̀ ń gbà. Kọ nọ́ńbà ara ọfà ẹ ránṣẹ́ síbí, pẹ̀lú gígùn ẹ̀ àti páùn ọrun ẹ, ká wò ó.